Ọ̀mì Láàrin Ọ̀ta àti Òpè: Ohun tí Eré Ṣẹ́ẹ̀sì Kan ní Reykjavik Fi Yé Wa nípa Òǹkà

  

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lásán lójú àwọn kan. Ó dá lórí eré ṣẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ta ní Reykjavik, olú-ìlú ilẹ̀ Iceland, ní oṣù kẹta ọdún 2004. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ ga jù lọ ní gbogbo ayé ni ó jókòó ní apá kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ó jókòó ní apá kejì. Nígbà tí eré parí, kò sí ẹni tí ó pa ẹnì kejì. Ọ̀mì ni wọ́n ta.

Àwọn baba wa tí ń ta ayò ọlọ́pọ́n ti fún wa ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a lè fi sọ gbogbo ìtàn yìí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta. Ẹni tí kò ì tíì mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Bí eré bá sì parí láìsí ẹni tí ó jẹ ju ẹnì kejì lọ, a ní wọ́n ta ọ̀mì. Nítorí náà n kò ní wá ọ̀rọ̀ àjèjì kiri. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà. Ọ̀ta àti òpè jẹ́ orúkọ tí a fún ènìyàn. Ọ̀mì jẹ́ orúkọ tí a fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A lè pe ènìyàn ní ọ̀ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá. A kò lè pe eré ní ọ̀mì àfi ìgbà tí ó bá parí.

Ìbéèrè mi nìyí: bí ọ̀ta àti òpè bá ta ọ̀mì, kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Ìdáhùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́. Èkíní ní kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó borí. Èkejì ní ọ̀ta ni kò fi ọkàn sí eré, tàbí pé orí ni ó kó òpè yọ. Ẹ̀kẹta ní àwọn méjèèjì ti di ọgbọọgba. Mo fẹ́ fi hàn pé kò sí èyí tí ó péye nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé àṣìṣe kan náà ni ó wà ní ìdí wọn: a ń ka òǹkà tí a fi ka ìṣe ènìyàn sí ohun tí ènìyàn náà jẹ́.

2. Òǹkà ipò àti ẹni tí ó gbé e kalẹ̀

Nínú ṣẹ́ẹ̀sì òde òní, a kì í fi ẹnu lásán pe ènìyàn ní ọ̀ta. A ń fún un ní òǹkà. Arpad Elo ni ó gbé ìlànà òǹkà náà kalẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni. A bí i ní 1903, àwọn òbí rẹ̀ sì mú un lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó wà ní kékeré. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ni ní Yunifásítì Marquette ní ìlú Milwaukee, òun náà sì mọ ṣẹ́ẹ̀sì í ta dáadáa. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ìlànà rẹ̀ ní 1960; Àjọ Ṣẹ́ẹ̀sì Àgbáyé, tí a mọ̀ sí FIDE, gbà á ní 1970. Elo kú ní 1992, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni àwọn tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì kárí ayé ṣì fi ń pe òǹkà wọn.

Kí ni òǹkà náà ń sọ? Kì í ṣe òṣùwọ̀n làákàyè, kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n ìwà. Ìrètí ni. Ẹni tí ó bá borí nínú eré kan gba máàkì kan. Ẹni tí ó pàdánù kò gba nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ọ̀mì, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìdajì. Òǹkà ń sọ fún wa iye máàkì tí a lè retí pé kí ẹnì kan gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì bí wọ́n bá ta eré púpọ̀. Bí òǹkà àwọn méjì bá dọ́gba, a retí pé kí wọ́n pín máàkì sí méjì. Bí ẹnì kan bá fi 200 ju ẹnì kejì lọ, a retí pé kí ó gba nǹkan bí 76 nínú 100. Bí ìyàtọ̀ náà bá tó 400, a retí nǹkan bí 91 nínú 100.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí èyí tí ó kẹ́yìn yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀ta bá gba 91 nínú 100, òpè gba mẹ́sàn-án. Báwo ni ó ṣe lè gbà á? Ó lè borí nígbà mẹ́sàn-án. Ó sì lè máà borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó kàn ta ọ̀mì nígbà méjìdínlógún, kí gbogbo ìyókù sì jẹ́ àdánù. Òǹkà kò bìkítà nípa èyí tí ó jẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀mì láàrin ọ̀ta àti òpè kò tako òǹkà rárá. Inú òǹkà ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òǹkà ti sọ pé òpè yóò rí nǹkan gbà. Ohun tí kò lè sọ ni ọjọ́ tí yóò rí i gbà.

Ohun kejì tí ó yẹ kí á mọ̀ ni bí òǹkà ṣe ń yí padà. Kí á sọ pé ẹni tí ó ní 2400 pàdé ẹni tí ó ní 2200. A retí pé kí ẹni àkọ́kọ́ gba 0.76. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, 0.50 ni ó gbà. Ó fi 0.26 dín sí ohun tí a retí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá ni a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀ fún àwọn méjèèjì, 2.6 ni yóò kúrò nínú òǹkà rẹ̀, 2.6 yìí kan náà ni yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Wọ́n pín máàkì ọjọ́ náà ní ọgbọọgba, síbẹ̀ ẹnì kan jèrè, ẹnì kan sì san owó. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀mì kò tíì ka ìwé ìṣirò náà dé òpin.

Elo fúnra rẹ̀ kò fi òǹkà yìí ṣe òrìṣà. Ó fi iṣẹ́ wíwọn agbára ẹni tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì wé ìgbà tí a bá fẹ́ wọn ibi tí ìdérí ìgò fífúyẹ́ kan wà bí ó ti ń léfòó lórí omi, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀pá ìwọ̀n tí a so mọ́ okùn, tí afẹ́fẹ́ ń fì síwá sẹ́yìn, ni a fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Ohun tí a ń wọ̀n kò dúró. Ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n pàápàá kò dúró. Ẹni tí ó dá òṣùwọ̀n náà mọ èyí dájú. Àwa tí ń lò ó ni a máa ń gbàgbé.

3. Bí òfin ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀mì

Kí á tó dé Reykjavik, ó yẹ kí á mọ ọ̀nà tí aláìlágbára ń gbà rí ọ̀mì. Níhìn-ín, ayò àti ṣẹ́ẹ̀sì yàtọ̀ síra gidigidi.

Lórí ọpọ́n ayò, ihò 12 ni ó wà, ọmọ ayò 48 ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá jẹ ni a ń kà. Ẹni tí ó bá ti jẹ 25 ti borí, ọ̀mì kò sì lè wáyé àfi bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ 24. Ọmọ ayò kan péré tó láti sọ ọ̀mì di ìborí. Ọ̀rọ̀ ayò dà bí ọ̀rọ̀ ìkórè: ẹni tí ó kó pọ̀ jù ni ó làjù.

Ti ṣẹ́ẹ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọ́n rẹ̀ ní ojú 64. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ 16: ọba kan, ayaba kan, ilé-ìṣọ́ méjì, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹlẹ́ṣin méjì, àti ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. O lè jẹ ọmọ ẹnì kejì títí kí ó ku ọba nìkan. Bí o kò bá rí ọba náà ká mọ́, o kò borí. Kò sí ẹni tí yóò ka ohun tí o ti jẹ fún ọ. Ọrọ̀ nìkan kì í borí nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Ó di ìgbà tí o bá lè sọ ọrọ̀ náà di ìdè fún ọba.

Nítorí náà ibi ìsádi pọ̀ fún ẹni tí kò lágbára. Bí kò bá sí ọ̀nà kankan tí ọba rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ mìíràn lè gbà lọ, tí kò sì sí ẹni tí ó ń dojú ìjà kọ ọba náà níbi tí ó wà, ọ̀mì ni. Bí ó bá ń fi ayaba rẹ̀ lé ọba ẹnì kejì káàkiri tí kò jẹ́ kí ó sinmi, ọ̀mì ni yóò yọrí sí. Bí ọpọ́n bá rí bákan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè béèrè fún ọ̀mì. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gbé ìgbésẹ̀ 50 láìjẹ́ pé ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ kankan sún tàbí pé ẹnikẹ́ni jẹ ọmọ ẹnì kejì, ó lè béèrè fún un pẹ̀lú. Bí ó bá sì ku ọba kan ní apá kan, tí ó ku ọba àti bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní apá kejì, eré parí ní ọ̀mì lójú ẹsẹ̀, nítorí bíṣọ́ọ̀bù kan kò lè dá ọba mú.

Ẹ má ṣe rò pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ó ti rí báyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí 1600 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó bá há ọba ẹnì kejì mọ́ láìdojú ìjà kọ ọ́ ni òfin sọ pé ó pàdánù. Nínú ìdíje ńlá ti London ní 1851, wọn kì í ka ọ̀mì rárá. Àwọn méjèèjì ní láti ta eré mìíràn. Ní Paris ní 1867, òfo ni wọ́n kọ fún ẹni méjèèjì tí ó bá ta ọ̀mì, bí ẹni pé wọ́n jọ pàdánù. Ní ọdún 1867 yìí kan náà, ní ìlú Dundee ní ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n fi ìdajì máàkì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó wá di àṣà káàkiri ayé.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba ìtàn yìí ni pé ìdajì máàkì jẹ́ ìdájọ́ tí àwọn ènìyàn jókòó ṣe. Wọ́n lè sọ pé ẹni tí kò borí kò ṣe nǹkan kan. Ní Paris wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ní Dundee wọ́n sọ pé ẹni tí a kò lè pa ti ṣe ohun kan tí ó yẹ kí á kọ sílẹ̀. Ti Dundee ni ayé gbà.

4. Reykjavik, 2004

Reykjavik kì í ṣe ìlú àìmọ̀ fún àwọn tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ibẹ̀ ni Bobby Fischer ọmọ Amẹ́ríkà ti gba adé ayé lọ́wọ́ Boris Spassky ọmọ Soviet ní 1972. Ní 2004, ìdíje tí ó wáyé níbẹ̀ jẹ́ ti eré kíákíá, tí a kò fi àkókò púpọ̀ fún ènìyàn láti ronú. Ẹni méjì méjì ni wọ́n pín àwọn olùdíje sí. Eré méjì ni wọn yóò ta. Ẹni tí ó bá pàdánù yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Garry Kasparov ni ọ̀ta tí gbogbo ènìyàn wá wò. Ó ti gba adé ayé ní 1985 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 22, ó sì dé e títí di ọdún 2000. Bí ó tilẹ̀ ti pàdánù adé náà fún Vladimir Kramnik, òǹkà rẹ̀ ṣì ga ju ti gbogbo ayé lọ: 2831 ni. Ọmọ tí ìpín mú bá a ni Magnus Carlsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, tí a bí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1990. Òǹkà rẹ̀ jẹ́ 2484. Kò tíì gba oyè tí ó ga jù lọ nínú eré náà nígbà yẹn. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ó tó gbà á.

Òpè kọ́ ni Carlsen ní ti pé kò mọ eré. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, nínú eré tí ó yá ju ti ìdíje náà lọ, ó ti pa Anatoly Karpov, ẹni tí ó dé adé ayé ṣáájú Kasparov. Ṣùgbọ́n láàrin ẹni méjì, ọ̀rọ̀ ọ̀ta àti òpè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfiwéra. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀ta ní ìsàlẹ̀ ọjà lè jẹ́ òpè ní òkè. Ìyàtọ̀ 347 ni ó wà láàrin òǹkà àwọn méjèèjì. Bí a bá fi ìlànà Elo ṣe ìṣirò rẹ̀, nǹkan bí 12 nínú 100 máàkì ni a retí pé kí ọmọ náà gbà. Nínú eré méjì, ìyẹn kò tó ìdámẹ́rin máàkì kan.

Kasparov pẹ́ kí ó tó dé. Ọmọ náà jókòó dè é. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Carlsen ni ó mú ọmọ funfun, tí ó sì kọ́kọ́ sún. Wọ́n tọ ipa ọ̀nà kan tí a fi orúkọ ìlú Cambridge Springs ní Amẹ́ríkà pè, nítorí ìdíje kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1904. Ọ̀nà tí àwọn àgbà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni, Kasparov sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú owó.

Síbẹ̀, bí eré ti ń lọ, apá ọmọ náà ni ó ń ròkè. Kasparov ni ó ń fi ọwọ́ gbá orí mú, tí ó ń ronú pẹ́. Carlsen a sì máa dìde lórí àga, a máa rìn lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ta lórí ọpọ́n tiwọn. Àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀ jẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Ẹni tí ó ga jù lọ láyé ti di ẹni tí ń wá ibi ìsádi. Ó sì rí i. Ó fi sùúrù àti ìmọ̀ dí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí eré pé ìgbésẹ̀ 52, wọ́n gbà á ní ọ̀mì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tí ó bá dá ìtàn dúró síbi ọ̀mì yìí kò sọ òótọ́ tán. Wọ́n ta eré kejì, Kasparov sì borí. Máàkì kan àtààbọ̀ sí ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ jálẹ̀ sí. Carlsen jáde nínú ìdíje. A gbọ́ pé ọmọ náà kẹ́dùn pé bí ọmọdé ni òun ṣe ta á. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú eré àkọ́kọ́, aṣọ ni a fi pàdé aṣọ. Nínú eré kejì, Kasparov tú àkísà rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. FIDE kò tíì ní òǹkà ọ̀tọ̀ fún eré kíákíá nígbà yẹn; ọdún 2012 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà ọ̀mì tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò yí òǹkà ẹnikẹ́ni padà. 2831 jẹ́ 2831 ní ọjọ́ kejì. 2484 jẹ́ 2484. Ìwé òǹkà kò gbọ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

5. Àgbéyẹ̀wò ìdáhùn mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdáhùn mẹ́ta tí mo kà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ní kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó lè tú ọ̀rọ̀ yìí fó jù ni Kasparov fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 21, ó jókòó ti Karpov ní Moscow láti du adé ayé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́fà ni yóò gba adé. Lẹ́yìn eré mẹ́sàn-án péré, Karpov ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Kasparov kò sì tíì borí rárá. Kí ni ọmọkùnrin náà ṣe? Ó ta ọ̀mì. Ó ta ọ̀mì mẹ́tàdínlógún léra wọn. Karpov tún borí lẹ́ẹ̀kan, ó di márùn-ún sí òfo. Kasparov tún padà sídìí ọ̀mì. Nígbà tí ààrẹ FIDE dá ìdíje náà dúró ní oṣù kejì ọdún 1985, wọ́n ti ta eré 48. 40 nínú wọn ni ó jẹ́ ọ̀mì, Kasparov sì ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nínú ìdíje tuntun, ó gba adé. Láìsí ọ̀mì wọ̀nyẹn, ìbá ti padà sílé ní ọdún 1984. Ọ̀mì ni ilé tí ó sá sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń pa Karpov.

Àwọn kejì ní ọ̀ta ni kò fi ọkàn sí i, tàbí pé orí ni ó kó òpè yọ. Òótọ́ ni pé ọ̀ta lè ṣe àìbìkítà. Òótọ́ ni pé àsìkò lè ṣojúure sí òpè. Ṣùgbọ́n nínú eré ti Reykjavik, kì í ṣe òpè ni ó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀ta ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bọ́ lọ́wọ́ ewu ní ọjọ́ náà, Kasparov ni. Kò yẹ kí á fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ì bá ti ṣubú nípò yẹn, nítorí ìtìjú ni ó máa ń pa àgbà kí ọ̀tá tó pa á: yóò rò pé òun kò gbọdọ̀ ta ọ̀mì pẹ̀lú ọmọdé, yóò fi agbára wá ìborí níbi tí ìborí kò sí, yóò sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Kasparov mọ̀ pé ìdajì máàkì sàn ju òfo lọ, ó gbé ìgbéraga tì, ó sì gba ohun tí ọpọ́n fún un. Bí ó bá jẹ́ pé òǹkà rẹ̀ ni ó gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì bá tí rí eré kejì tí ó fi borí.

Àwọn kẹta ní wọ́n ti di ọgbọọgba. Eré kejì fún wọn lésì lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀mì láàrin ọgbọọgba wà lóòótọ́. Ní London ní 2018, Carlsen, tí ó ti dé adé ayé láti 2013, du adé náà pẹ̀lú Fabiano Caruana ọmọ Amẹ́ríkà. Òǹkà Carlsen jẹ́ 2835, ti Caruana jẹ́ 2832. Eré 12 ni wọ́n ta. Gbogbo rẹ̀ pátá ni ó jẹ́ ọ̀mì. Eré kíákíá ni wọ́n tó fi yà wọ́n, Carlsen sì borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ọ̀mì àwọn ọgbọọgba ti ń rí, kí ó wo ibẹ̀: eré 12, pẹ̀lú ìyàtọ̀ 3 péré nínú òǹkà. Ọ̀mì kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìyàtọ̀ 347, kò lè jẹ́rìí sí ohun kan náà.

Kí wá ni ọ̀mì ti Reykjavik jẹ́rìí sí? Ohun tí ó jẹ́rìí sí kéré ju èyí tí àwọn olùyìn rò lọ, ó sì tóbi ju èyí tí àwọn ẹlẹ́gàn rò lọ. Ó jẹ́rìí pé ní ọjọ́ kan, lórí ọpọ́n kan, ohun tí ọmọ náà mọ̀ tó láti fi ẹ̀yìn ọ̀ta ti ògiri. Kò sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ó sọ pé ó ṣeé ṣe. Òǹkà ń sọ ohun tí ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀mì ń sọ ohun tí ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ méjì ni, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ gba ipò ìkejì.

A mọ bí ìtàn náà ṣe lọ. Kasparov fi ìdíje sílẹ̀ ní 2005. Ní 2009 ó di olùkọ́ fún Carlsen. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2010, òǹkà Carlsen ti ga ju ti gbogbo ayé lọ. Ní 2014 ó dé 2882, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi òpin ìtàn yìí túmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti ta ọ̀mì pẹ̀lú ọ̀ta tí kò sì di ọba ayé. Ọ̀mì tiwọn náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí ènìyàn ṣe dáadáa ní ọjọ́ kan ti ṣe. Kò nílò adé ọjọ́ iwájú kí á tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀.

6. Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe nítorí ṣẹ́ẹ̀sì nìkan ni mo ṣe sọ gbogbo èyí. Iṣẹ́ wa ni kí á máa fún ọmọ ní òǹkà. A ń fún wọn ní máàkì, a ń tò wọ́n ní ipò kìíní títí dé ipò ìkẹyìn, a sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí bàbá àti ìyá yóò kà. N kò ní kí á má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òǹkà tí a fi òótọ́ kọ wúlò. Òun ni kì í jẹ́ kí á máa fi ojúsàájú pe ọmọ olówó ní ọ̀ta, kí á sì máa pe ọmọ tálákà ní òpè. Elo ṣe ayé lóore, nítorí ó gba ìdájọ́ kúrò lẹ́nu àwọn tí ó mọ ènìyàn, ó sì fi í sọ́wọ́ ohun tí ènìyàn ṣe.

Ṣùgbọ́n òǹkà wa kò ní ohun tí òǹkà Elo ní. Ti Elo ń fetí sílẹ̀: ní gbogbo ìgbà tí ẹni kékeré bá ta ọ̀mì pẹ̀lú ẹni ńlá nínú eré tí a ń kà, òǹkà a mì, a gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, a fún ẹnì kejì. Tiwa a máa dúró gbagidi. Ọmọ tí ó gba ipò ìkẹyìn ní ọdún tí ó kọjá lè dìde ní kíláàsì lónìí kí ó dáhùn ìbéèrè tí ó dá ọmọ ipò kìíní lójú rú. Kí ni a ń ṣe? A ní orí ni ó kó o yọ, a sì tẹ̀ síwájú. Ìwé òǹkà kò gbọ́, gẹ́gẹ́ bí kò ti gbọ́ nípa Reykjavik. Bí ìwé kò bá gbọ́, olùkọ́ ńkọ́? Olùkọ́ wà níbẹ̀, ó fojú rẹ̀ rí i. Kí ó kọ ọ́ sínú ìrántí tirẹ̀. Ìdajì máàkì ni ọmọ náà gbà. Kí á má ṣe sọ ọ́ di odidi, kí á má sì ṣe sọ ọ́ di òfo bí wọ́n ti ṣe ní Paris.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Bí ẹ bá pàdé ẹni tí òǹkà rẹ̀ ga ju tiyín lọ, ẹ jókòó kí ẹ ta á. Bí ó bá pọn dandan, ẹ dè é, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Bí ẹ bá sì ta ọ̀mì, ẹ rántí pé eré kejì ń bọ̀, àti pé àkísà àgbà ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí kò sọ pé ọgbọ́n wọn dọ́gba. Ohun tí ó sọ ni pé a nílò méjèèjì kí ìlú tó dúró.